Òjò Gbaffo tí kì í ju mẹ́sàn-án lọ

Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́.

Ọ̀gá fẹ́ yọ Ìyá Àgàtà ará abúlé Gbaffo kúrò lára àwọn tó ń bá wa wọn òjò. Ó ní nínú kọ̀ǹpútà wa, òjò Gbaffo kò ju mílímítà mẹ́sàn-án lọ rí. "Orí bẹ́ẹ̀dì ni ìyá yẹn ti ń wọn òjò." Gbogbo ọ́fíìsì rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ìyẹn ló ń dùn mí.

Mo pe ìyá náà. Tíṣà ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. "12,5 ni mo kọ lánàá, ọmọ mi, méjìlá àti ààbọ̀. Bí mo ṣe fi kọ́ ìyá rẹ nìyẹn. Ẹ̀rọ yín ni kó lọ jókòó ní kíláàsì."

Ìgbà yẹn ni mo tó fi ojú ara mi wo fáìlì. Ètò kọ̀ǹpútà tí mo kọ ń gé ìlà níbikíbi tó bá ti rí kọ́mà, ó sì ń mú nọ́ńbà tó kẹ́yìn. 12,5 di 5. Àwọn tó ń wọn òjò ní Tré àti Lèma kì í kọ ìdá lẹ́yìn kọ́mà, tiwọn kò bàjẹ́. Ẹni tó fara balẹ̀ jù la pè ní òpùrọ́. Kí ni gbogbo ìwé tí mo ń kà wá wúlò fún?

Mo lọ ṣàlàyé fún ọ̀gá. Ó ní, "Sọ fún un kó yéé lo kọ́mà."

Mo ní rárá, mo ti tún ètò náà ṣe.

"Ta ló rán ẹ?"

"Èmi ni mo ṣe àṣìṣe, ọ̀gá. Bí orúkọ kan bá máa kúrò, tèmi ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ pa rẹ́."

Kò tíì pa ìkankan rẹ́.