Ìkòkò Tí Ń Dá Se Ẹ̀wà ní Ìbà

Morádéyọ̀ ọmọ mi, Àbẹ̀kẹ́,

Ọlọ́run tó ń mú ọ jáde láàárọ̀ á máa mú ọ wọlé nírọ̀lẹ́, ewu ojú títì Bàdágírì á jìnnà sí ọ, ọjà ọ̀gá rẹ ní Alábà á máa tà wàràwàrà. Àmín. Ara mi le, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò balẹ̀. Mo jókòó, mo dìde, mo lọ sẹ́nu ọ̀nà, mo padà, ó ti sú ajá ilé gan-an láti máa tẹ̀ lé mi. Ìyá rẹ ṣì wà ní Abẹ́òkúta, ó ń bá Bùsọ́lá ẹ̀gbọ́n rẹ wẹ ọmọ tuntun, kò sì tíì sọ ìgbà tó ń bọ̀. Ẹ̀gẹ́ wa ta dáadáa lọ́dún yìí, òrùlé ilé ìdáná ló ń jò.

Mo ń pè ọ́, o ò gbé fóònù. Obìnrin kan ló máa ń dá mi lóhùn pé o ò sí nítòsí. Mo kí i, kò kí mi padà, mo rán an níṣẹ́ sí ọ, bóyá ló jẹ́ ẹ. Bó bá jẹ́ pé ó ń wà nílé rẹ látàárọ̀ ṣúlẹ̀ báyìí, kí ló dé tí o ò ní kó máa bá ọ wo oúnjẹ lórí iná?

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn ló ń bí ọ nínú. O pè mí lọ́jọ́ Àìkú pé o fẹ́ ra ìkòkò oníná tí èèyàn á da ẹ̀wà sí láàárọ̀, á ti ilẹ̀kùn, á lọ síbi iṣẹ́, ìkòkò á máa dá sè é díẹ̀díẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Àbẹ̀kẹ́, ta ló ń gbé ìkòkò kaná tó ń ti ilẹ̀kùn? Nílé wa níbí, ẹni tó bá fẹ́ lọ pọn omi á kọ́kọ́ bẹ ará ilé pé kí wọ́n bá òun ṣọ́ ọbẹ̀. Ohun tí mo ṣe fún ọ náà nìyẹn. Mo rò pé o ti rà á, ni mo bá pe Bàbá Sherif, aládùúgbò rẹ ní ẹ̀sítéètì, mo ní ìkòkò ti wà lórí iná láti àárọ̀, ilé wà ní títì, kí wọ́n jọ̀ọ́ bá wa ṣọ́ ọ. Wọ́n kó èèyàn jọ, wọ́n já ilẹ̀kùn, wọ́n gbé omi wọlé, wọn ò sì rí ìkòkò kankan. Ìwọ náà rò ó wò, ṣé kí wọ́n káwọ́ lẹ́rán ni? Aládùúgbò rere ni wọ́n, bá mi kí wọn.

O ní kí n gbà ọ́ nímọ̀ràn lórí èyí tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n. Má ra tòkúnbọ̀, ta ló mọ ohun tí òyìnbó ti sè nínú rẹ̀? Má ra ńlá, ìwọ nìkan lò ń jẹun. Èyí tó kéré náà, bi ẹni tó ń tà á pé bí iná ọba bá lọ lọ́sàn-án, ta ni yóò mọ̀? Wàá dé, ìwọ àti ẹ̀wà líle á jọ máa wo ara yín. Ohun mìíràn tó tún ń yọ mí lẹ́nu ni pé nǹkan yìí lọ́ra, ó sì tún wọ́n. Lóko wa, ẹni tó bá ń lọ́ra níbi iṣẹ́, wọ́n á yọ nínú owó rẹ̀ ni.

Ṣùgbọ́n ohun tó lé oorun lójú mi gan-an kì í ṣe ìkòkò. O ní bó o bá ti ti Okòkomáikò wọlé, ó ti rẹ̀ ọ́ ju kó o dáná lọ, pé búrẹ́dì àti omi lo fi ń sùn. Ó dùn mí wọra.

Láti ìgbà tí ìyá rẹ ti lọ, mo ti mọ ẹ̀wà sè. Mo ń gbé e kaná láàárọ̀, mo ń jókòó tì í títí, nítorí n ò níbi tí mò ń lọ. Ó ń rọ̀ múyẹ́múyẹ́, èmi nìkan ni mo sì ń jẹ ẹ́, mi ò ní parọ́, kò dùn lẹ́nu mi.

Joshua awakọ̀ ló mú lẹ́tà yìí wá. Fi owó ọkọ̀ rán an sí mi, kó o fi ti ọ̀kadà mọ́ ọn, màá gùn ún láti Okòkomáikò dé Ìbà. Bí àwọn ará ẹ̀sítéètì bá fi mí rẹ́rìn-ín pé àgbàlagbà ọkùnrin ń dáná, kí wọ́n máa rín in lọ. Má ra nǹkan kan ní Alábà, Àbẹ̀kẹ́. Èmi náà ti ń lọ́ra, mi ò wọ́n, mi ò sì nílò iná ọba.

Olúwa á jẹ́ kó o máa bá oúnjẹ gbígbóná nílé, kó o sì máa bá ẹni tí wàá jẹ ẹ́ pẹ̀lú.

Èmi ni, bàbá rẹ,
Adékúnlé, ní Ìmásàyí.