Orúkọ Méjì, Kòkòrò Kan

Ẹ kú ilé o, Alhaji. Èmi, Ọ̀jọ̀gbọ́n àgbà nínú ìmọ̀ kòkòrò ní Támálè, ni mo ń fi ọ̀wọ̀ kí yín. Mo kí Ìyá Múfútáù, mo kí Àǹtí Sìdíkátù, mo kí ewúrẹ́ yín tó jẹ ìwé ìdánwò Múfútáù. Ọyẹ́ ti la ètè gbogbo wa níbí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ka lẹ́tà yìí sókè kí gbogbo agboolé gbọ́.

Mo gbọ́ pé ẹ ránṣẹ́ sí àbúrò yín ní Sakasaka níbí pé kí Múfútáù máa bọ̀ nílé kí Iléyá tó dé, pé ẹ ò bímọ kó máa lọ ka iná orí ní Gánà. Alhaji, kì í ṣe iná. Èyí tí à ń kà kéré ju iná lọ, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ ni, ìbátan eégbọn. Ó wà lábẹ́ ewé ẹ̀gẹ́, ó wà lára adìẹ, ó wà nínú irun ìpéǹpéjú yín pàápàá. Àwọn ọ̀mọ̀wé ti kó orúkọ irú wọn tí wọ́n ti mọ̀ láyé jọ sínú kọ̀ǹpútà, pẹ̀lú ibi tí wọ́n ti rí ọ̀kọ̀ọ̀kan àti bí ara rẹ̀ ṣe rí. Dókítà Rámátù, ọmọ Dàgómbà tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ èmi Ọ̀jọ̀gbọ́n ní ọ́fíìsì wa ní Jisonayili, fi hàn wá pé ibi ilẹ̀ òyìnbó kún fọ́fọ́, ibi tiwa ṣófo. Múfútáù bi í bóyá àwọn kòkòrò náà ò fẹ́ràn wa ni. Dókítà ní wọ́n pọ̀ níbí bí iyanrìn, ẹni tí yóò kọ orúkọ wọn sílẹ̀ ni kò tó.

Ilẹ̀ ni Múfútáù ń gbá. Lọ́jọ́ kan tí ojú ń dun Dókítà, ó ní kí Múfútáù máa ka orúkọ inú kọ̀ǹpútà sókè fún òun. Múfútáù ka ọ̀kan bíi lèmọ́mù, ó ka òmíràn bí akọ̀ròyìn rédíò, ó ka òmíràn bí ẹni tó ń pe èrò ọkọ̀ Gurugu. Dókítà ní kó yéé ṣe wèrè, ẹ̀rín sì ń pa á. Àfi bí Múfútáù ṣe na ìka sí ojú kọ̀ǹpútà lójijì. Orúkọ méjì, ṣùgbọ́n ewé kan náà, abúlé kan náà, irun ẹ̀yìn kan náà. Ó ní ó jọ pé ẹnì kan ló ń jẹ́ ìpè ẹni méjì.

Ẹ mọ ibi tó ti kọ́ ọ. Ṣebí torí pé ó ń fi ohùn Kámórù jẹ́ ìpè nígbà tí Kámórù bá sá lọ gbá bọ́ọ̀lù ni wọ́n fi lé e níléèwé. Dókítà kọ̀wé béèrè àwọn kòkòrò méjèèjì níbi tí wọ́n tọ́jú wọn sí, ó fi awò tó ń sọ kékeré di ńlá wò wọ́n. Òótọ́ ni! Ọ̀kan náà ni wọ́n. Àwọn alákòójọ gbà, wọ́n tún un kọ, orúkọ ọmọ yín sì wà lábẹ́ ti Dókítà níbẹ̀ kí gbogbo ayé rí i. Dókítà ní tí ẹ bá yọ̀ǹda, òun yóò fi mí sí iléèwé ìrọ̀lẹ́.

Háà. Mo ti kọ “mí”. Bírò ò sì ṣeé pa rẹ́.

Bàbá mi, ẹ má bínú. Kò sí Ọ̀jọ̀gbọ́n kankan. Dókítà lọ̀gá, èmi ni mò ń gbálẹ̀. Mo rò pé ẹ ò ní ka tèmi dé ìdajì ni. Nílé àbúrò yín, mo sọ Yorùbá, àwọn ọmọ fi Haúsá dá mi lóhùn; àárò ilé ń sọ mí gan-an. Síbẹ̀ mo fẹ́ dúró. Ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí ìranù mi wúlò fún ẹnikẹ́ni.

Dókítà ní bí kòkòrò kan bá ní orúkọ méjì, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́ ni yóò máa jẹ́, èkejì á ṣubú. Ẹ bá mi pa Ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ́. Èyí tí ẹ fún mi lọ́jọ́ kẹjọ ló wà nínú kọ̀ǹpútà.

Ọlọ́run á dá yín sí, ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́. Ẹ bá mi kí ará ilé, kí Kámórù náà gbọ́ tirẹ̀. Èsì yín ni mò ń retí.

Ọmọ yín,
Múfútáù