Ta Ni Yóò Máa Dúró Lẹ́yìn Abdulmuiz?

Ìṣẹ̀rí-Olófin,
Èkó.
Ọjọ́ Ẹtì.

Hamdalah, ọmọ mi,

Àsàlámù aléékúmù. Mo lérò pé ara rẹ le, pé ooru Yólà kò mú ọ jù, àti pé àwọn ọmọ iléèwé tí o ń kọ́ kò yọ ọ́ lẹ́nu. Ara tèmi náà le, àfi ọkàn. Bí mo bá ti gbọ́ ohùn rẹ lórí fóònù, ẹkún ló ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó ti bébà.

Má ṣe bínú sí ara rẹ pé o kò bá wa sin bàbá yín. Kí o tó rí ọkọ̀ wọ̀ la ti gbé wọn lọ; o mọ̀ pé tiwa kì í jẹ́ kí òkú sun ilé mọ́jú. Wọ́n wẹ̀ wọ́n dáadáa, ojú wọn sì tutù bí ẹni tó sùn lọ lẹ́yìn ìrun ọ̀sán.

Bàbá yín ti sọ tipẹ́ pé ẹ̀gbọ́n rẹ Abdulmuiz ni kó ṣe ìmáàmù nígbà tí a bá fẹ́ kírun sí àwọn lára. Àlhájì Sàlàkọ́, àbúrò wọn, kò fẹ́. Wọ́n ní láti ìgbà tí Abdulmuiz ti jábọ́ lórí àkàbà níbi tó ti ń lẹ táìlì ní Ẹ̀gbẹ́dá, tí orí rẹ̀ gbá kọnkéré, ọpọlọ rẹ̀ kò pé mọ́, a kì í sì í fi òkú ṣeré. Mo ní ohun tí olóògbé wí ni ká ṣe.

Iwájú ilé wa ni wọ́n ti kírun náà, ojú fèrèsé ni mo ti ń wò. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ìmáàmù máa ń kábárà, "Àlláhù Àkíbárù," nínú ìrun òkú. Ẹ̀gbọ́n rẹ ṣe mẹ́ta, ó bá dákẹ́. Àfáà tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ní, "Subuhánállàhì," bí a ṣe máa ń rán ìmáàmù létí. Kò mira. Àfáà tún un sọ, ìgbà náà ló tó ṣe ẹ̀kẹrin, tó sì sálámà. Àlhájì ní ká tún ìrun náà kí. Àfáà ní kò sí ohun tó jọ ọ́.

"Àlhájì, ìmáàmù tí kò gbàgbé rí kò tíì sí. Kí ni ẹ rò pé a dúró lẹ́yìn rẹ̀ fún?"

Ọmọ mi, láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ ti dà mí lọ́kàn rú. Nígbà tí bàbá yín wà, mo rò pé ara rẹ̀ ti ń yá ni. Ó ń wẹ̀, ó ń wọṣọ, ó ń po tíì fún àwọn méjèèjì. Ní báyìí, á dúró ti ìkòkò, gáàsì á máa jó, omi kò sí nínú rẹ̀. Mo rán an ní búrẹ́dì, ìṣó ló mú bọ̀. Bẹ́ẹ̀ ló kàn wo yàrá Àmínát, ayálégbé wa, tó sọ iye páálí táìlì tó máa gbà, ó sì rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ta ló ń ṣe èyí, ta ló ń ṣe tọ̀hún? Àmínát ní ìbànújẹ́ ni. Àwọn ará àdúgbò ní ẹnìkan ló ń dà á láàmú. Èmi kò mọ èwo ni kí n gbà.

Láná, mo bi í pé kí ló dé tó fi dákẹ́ níwájú òkú bàbá rẹ̀. Ó wò mí bíi pé ó yẹ kí n mọ̀.

"Màámi, Bàbá ni mò ń retí. Àwọn ló máa ń sọ èyí tó kàn fún mi."

Hamdalah, ojú mi là díẹ̀. Mo rántí pé ní àràárọ̀, bí ẹ̀gbọ́n rẹ bá ti ń po tíì, bàbá yín máa ń jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, tí wọ́n á máa sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Mo rò pé tẹ̀sùbáà ni wọ́n ń jà. Mo tiẹ̀ máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé Ọlọ́run ò dití o, kí wọ́n jẹ́ kí ó sinmi. Àṣé ọmọ ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Mo pe obìnrin tó ń kọ́ àwọn aláìsàn ní iṣẹ́ ilé ní ọsibítù, ó sọ pé ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ó ní iṣẹ́ kò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, bó ṣe máa bẹ̀rẹ̀ àti èyí tó máa tẹ̀ lé e ló ń sọnù mọ́ ọn lójú.

Mo gbìyànjú láàárọ̀ yìí. Mo jókòó sórí àpótí náà, mo ní, gbé ìkòkò, bu omi, tan gáàsì. Ó ní ṣé ọmọ ọ̀dọ̀ mi lòun ni, ó bínú jáde. Kò bínú jáde fún bàbá yín rí. Kí ni wọ́n ń sọ?

Àlhájì ní lẹ́yìn àdúrà ogójì ọjọ́, àwọn máa mú un lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn ní Ògbómọ̀ṣọ́, kí wọ́n máa ṣọ́ ọ nínú ilé. Wọn kò ṣèkà; ẹ̀rù gáàsì ń bà wọ́n, ó ń ba èmi náà. Ṣùgbọ́n níbẹ̀, wọ́n á kàn máa gbé oúnjẹ sí i níwájú ni, títí gbogbo èyí tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ á fi lọ. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n gbọ́ látọ̀dọ̀ rẹ ná.

Ìwọ lo ń sùn sí yàrá tó kángun sí ilé ìdáná nígbà tó kọ́kọ́ ti ọsibítù dé. O ti ní láti gbọ́ bàbá yín. Jọ̀ọ́, kọ ọ́ sí mi bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ gan-an. Bí o kò bá rántí, sọ pé o kò rántí. Má ṣe tìtorí àánú mi hùmọ̀ ọ̀kan.

Ọlọ́run á máa ṣọ́ ọ níwájú àti lẹ́yìn. Ilẹ̀ àjèjì kò ní gbé ọ mì, wàá sìnlú parí láyọ̀, Ọlọ́run á sì fi Àlùjánnà kẹ́ bàbá yín. Àmín.

Èmi ni ìyá tó bí ọ,
Sìdíkátù.

Mo tún rántí: Ẹ̀gbọ́n rẹ ti wọlé, ara rẹ̀ ti rọ̀. Ó bi mí pé ta ni mò ń kọ̀wé sí, mo ní ìwọ ni. Ó ní bí mo bá fẹ́ sọ fún ọ pé Bàbá ti kú, kí n rọra sọ ọ́.