Èdè Ọwọ́ Lórí Ilẹ̀

Ìyá mi,

Ara mi le o. Àlejò ṣì ń wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń mí lábẹ́ òkun lọ́dọ̀ wa. Ọ̀kan bẹ̀rù nísàlẹ̀, mo sáré lé e gòkè. Òun yè, etí mi ló fara gbá a, ó ń sinmi. Aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ ni mò ń fọ̀ báyìí, iṣẹ́ ìrọ̀rùn.

Ọwọ́ tí a fi ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ omi ni Nonoy ẹlẹgbẹ́ mi fi ń bá mi sọ̀rọ̀ lórí ilẹ̀; a ń rẹ́rìn-ín.

Àbúrò mi kọ̀wé pé ẹ ní, “Arnel ti dọ̀gá tí kì í gbé fóònù ìyá ẹ̀, àbí?” Ẹ má bínú.

Orin ọjọ́ ìbí tí ẹ fi ránṣẹ́ dé. Mo gbé fóònù lé àyà títí tó fi dẹ́kun gbígbọ̀n. Ó dùn. Ẹ bá mi kí wọn nílé.

Arnel