Ìlà Tí Pẹ́léńgẹ́ Rì

Ẹ̀yìn Ilé Ìwé Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀,
Ìsàlẹ̀ Odò.
Ọjọ́ Kejìdínlógún, Oṣù Ọ̀wàrà.

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Baálé rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, pàápàá ọkọ mi kékeré tó ń yọ eyín? Ẹsẹ̀ tó ń dun màmá, ṣé ó ti fúyẹ́? Mo mọ̀ pé àdírẹ́sì tó wà lókè yìí á ti yà ọ́ lẹ́nu. Má fòyà, n kò kọ ọkọ. Ọkọ ni mo wá débí.

O rántí pé iṣẹ́ bọ́ǹbù inú ilẹ̀ ni Bàbá Ìbejì ṣe nígbà ogun, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Pẹ́léńgẹ́. Ohun tí n kò sọ fún ọ rí ni bí wọ́n ṣe ń rì í. Ọ̀gá wọn pín pápá ẹ̀bá odò yìí fún wọn ní ìlà-ìlà. Ẹnì kan kò gbọdọ̀ mọ ìlà ẹnì kejì, wọn ò sì gbọdọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ọwọ́ ọ̀tá má baà tẹ ẹnì kan ṣoṣo kó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Ọgbọ́n àgbọ́njù! Wọ́n ní ohun tí a bá gbìn la ó ká. Àwọn gbin tiwọn de ẹsẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ. Ogun parí, ibà pa Pẹ́léńgẹ́ lórí ibùsùn, ó sì gbé ìlà tirẹ̀ lọ sọ́run.

Láti ìgbà náà ni ọkọ mi ti ń bá òkú gbé. Bó bá ń jẹun, á dúró, á tẹ́tí. Bí mo bá bi í pé kí ló ń gbọ́, á ní Pẹ́léńgẹ́ ló ń rẹ́rìn-ín. Kò jẹ́ kí n fi ọkọ́ kan ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé wa. Inú korobá ni mo ń gbin ata sí. Mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọmọ ogun tó ń sá fún ata. Ẹ̀rín náà ò dénú mi, ọ̀rẹ́ mi. Ẹ̀rù ń bà mí.

Nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè méjèèjì tó bá ara wọn jagun tọwọ́ bọ̀wé pé kí wọ́n hú bọ́ǹbù náà kúrò, àjọ tó gba iṣẹ́ náà ránṣẹ́ pè é. Ó lọ, ó fi ìlà tirẹ̀ hàn wọ́n, kò ṣi ẹyọ kan. Wọ́n fi ẹ̀rọ wá ti Pẹ́léńgẹ́, wọ́n rí díẹ̀, wọ́n ní ilẹ̀ ti mọ́. Àwọn ará abúlé padà, wọ́n ṣí ilé ìwé, gbogbo wọn ń jó. Ọkọ mi ní Pẹ́léńgẹ́ kì í ṣe ẹni tó ń rì díẹ̀. Ọ̀gá àjọ náà ní, "Bàbá, ogun ti parí, ẹ lọ sinmi."

Kò padà wálé. Mo rán àbúrò rẹ̀ sí i, ó kọ̀ láti bá a bọ̀. Ni mo bá ti ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi, mo gbéra.

Àárọ̀ ni mo dé. Ìyá tó ń gbálẹ̀ ilé ìwé ló nawọ́ sí i fún mi: "Ẹ wò wọ́n lọ́hùn-ún. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń tẹ inú pápá yẹn kí àwọn ọmọ tó gba ibẹ̀ kọjá. Wọ́n ní bó bá ṣẹ́kù, àwọn ni kó kọ́kọ́ mú."

Ó ń rìn lọ, ó ń rìn bọ̀, ó ń tẹ ilẹ̀ bí ẹni ń po amọ̀. Ó ń bẹ ẹni tí n kò rí: "Pẹ́léńgẹ́, níbo ló kù sí? Sọ fún mi, jọ̀ọ́."

Mo pè é. Ó kígbe pé, "Ìyá Ìbejì, dúró síbẹ̀!" Mo fẹ́ sọ pé kó jẹ́ ká máa lọ sílé. Àfi bí àwọn ọmọ ṣe yọ láti ọ̀nà abúlé, tàwọn ti báàgì lẹ́yìn, wọ́n ń lé ara wọn. Apá òsì pápá náà ṣì wà tí kò tíì tẹ̀. Mo bọ́ síbẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́.

Láti ọjọ́ náà, àwa méjèèjì la jọ ń ṣe é. Bá mi kí baálé rẹ àti màmá. Aṣọ ìyàwó kan wà lórí tábìlì mi ní ṣọ́ọ̀bù, jọ̀wọ́, bá mi parí rẹ̀. Bó bá sì jẹ́ ẹnu ẹlòmíì lo ti gbọ́ ìròyìn wa, sọ fún àwọn ìbejì pé ẹnikẹ́ni ò fi ipá mú ìyá wọn.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Ìyá Ìbejì.