Bátìrì Ti Kú, Wáráńtì Ò Gbọdọ̀ Kú

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ẹ, mo tún ẹ kí. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ dáadáa, ṣé àwọn tó ń gbé lókè yàrá ẹ ti ṣíwọ́ àga tí wọ́n máa ń wọ́ nílẹ̀? Ọlọ́run tó mú ẹ dé ibẹ̀ kò ní jẹ́ kí ibẹ̀ sú ẹ. Ibi tí o bá tẹ̀ kó rọ̀ fún ẹ, ilẹ̀kùn tí o bá kàn kó ṣí kó tó dun ọwọ́ ẹ. Bí o bá ń bèèrè wa, a wà. Òrùlé ẹ̀yìnkùlé tí a pààrọ̀ ò jò mọ́ níbi tó ti ń jò, ibòmíì ló ti ń jò báyìí. Adìẹ tó máa ń yé sínú àpótí aṣọ mi ti pa ọmọ méje. Bíríkìlà ẹ̀gbẹ́ ilé wa, Má-mikàn, ní kí n kí ẹ. Ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ilé ti ara ẹ̀ lẹ́yìn tó ti kọ́ ti gbogbo èèyàn tán, ṣùgbọ́n ó ní òun ò tíì rí bíríkìlà tó tẹ́ òun lọ́rùn.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni mo torí ẹ̀ jókòó kọ̀wé. O rántí ọjọ́ tí o gbé e wá fún wa, tí o ní kí n máa fi gbé ìyá ẹ lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú, o wá fún mi ní ìwé pẹlẹbẹ kan, o ní, bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wáráńtì ẹ̀ bàjẹ́ o. Mo gbọ́. Mo wé ìwé náà sínú ọ̀rá, mo fi sábẹ́ ìrọ̀rí mi, ó sì ti lé lọ́dún méjì báyìí tí mo ti ń sùn lé e lórí. Ó ku oṣù mẹ́jọ kó pé ọdún mẹ́ta tí àwọn tó ṣe ọkọ̀ náà ṣèlérí pé bó bá bàjẹ́, àwọn á tún un ṣe.

Láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè kan, mo yí kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ náà dún kẹ́, bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ tó wá rò ó pé ọ̀rọ̀ ọ̀hún ò yẹ lẹ́nu òun. Iná iwájú ẹ̀ rọra lọ bí ojú ẹni tó ń tòògbé. Mo bẹ̀ ẹ́, mo fọwọ́ pa á lórí, kò dáhùn. Má-mikàn wá, ó ṣí iwájú ẹ̀, ó wò ó, ó ní bátìrì ti kú. Mo ṣí fìlà. Mo bèèrè pé ìgbà wo, ó ní ó lè jẹ́ àná.

Bẹ́ẹ̀ ọjọ́ Tọ́sìdeè ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni dókítà ní ká wá, pé kùrukùru ojú ìyá ẹ ti gbó tó ohun tí wọ́n ń yọ, àti pé bí ọjọ́ náà bá fò wá, ó di oṣù márùn-ún kó tó kàn wá, nítorí àwọn tó ń dúró pọ̀. O mọ̀ pé ọkọ̀ èrò kì í gba ọ̀nà ibẹ̀ láàárọ̀, o sì mọ orúnkún ìyá ẹ.

Má-mikàn ní kò sí wàhálà, pé òun máa yọ bátìrì ọkọ̀ akẹ́rù òun wá, pé ó tóbi jù lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun máa gé irin tó gbé e dúró, òun máa gé wáyà, òun máa so ó pọ̀. Ó ti mú ayùn irin dání. Mo di ọwọ́ ẹ̀ mú. Mo ní, ìwọ ọkùnrin yìí, ọdún mélòó ni mo ti ń ránṣọ? Bí mo bá rán ṣòkòtò fún ẹ, tí mo ní bó bá tú láàárín ọdún kan kí o gbé e padà wá, tí o wá gbé e lọ fún télọ̀ mìíràn, tó gé e nítan, tó fi okùn dí i, ṣé o máa tún gbé e wá bá mi? Ó ní rárá. Mo ní ohun tí wọ́n ń pè ní wáráńtì nìyẹn, ìwé àwọn télọ̀ ọkọ̀ ni. Ó fi ayùn sílẹ̀, àmọ́ ó ní àwọn télọ̀ ọkọ̀ ò lè rí wa láti ibi tí wọ́n wà. Mo kàn pa iwájú ọkọ̀ dé jẹ́ẹ́jẹ́.

Ọmọ mi, ohun tí mo fẹ́ sọ báyìí, rọra kà á. Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn, mo wá ìyá ẹ títí nínú ilé, mi ò rí i. Inú ọkọ̀ ni mo ti bá a, lábẹ́ igi máńgòrò, ó jókòó sí ibi tó máa ń jókòó, ó ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè gba ibẹ̀ kọjá. Ó ní kí n wọlé, pé a ti fẹ́ẹ̀ pẹ́. Mo wọlé, mo di sítíárìn mú. A ò kúrò lójú kan, ṣùgbọ́n òjìji ewé ń kọjá lórí gíláàsì, ó ń lọ, ó ń bọ̀, tó fi jẹ́ pé bí èèyàn bá di ojú díẹ̀, á rò pé ọ̀nà ló ń sá sẹ́yìn. Ìyá ẹ ń ka ibi tí a dé fún mi. Ó ní, a ti kọjá ilé ìwé. Ó ní, ẹ rọra, afárá nìyí. Mo sì ń rọra.

Ojoojúmọ́ la ń lọ bẹ́ẹ̀. Níbẹ̀, ìyá ẹ tí kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́ látìgbà tí ojú ẹ̀ ti ń ṣú bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ kẹta, a ti gun òkè kan débi tó rí bíi pé omi wà nísàlẹ̀, ó ní òun ní ohun kan láti sọ fún mi. Ó ní lọ́dún tí òun kọ́kọ́ wọlé mi, òun di ẹrù òun sínú àpò, òun lọ wọ lọ́rì láti máa lọ, nítorí èmi àti ẹ̀rọ ìránṣọ la jọ ń sọ̀rọ̀, mi ò bá òun sọ. Ó ní dẹ́rẹ́bà yí kọ́kọ́rọ́, lọ́rì ò dáhùn, bátìrì ẹ̀ ti kú. Wọ́n ní kí gbogbo èrò sọ̀ kalẹ̀ kí wọ́n tì í. Òun náà tì í, wọ́n tì í títí, ọwọ́ òun dúdú fún gíríìsì. Nígbà tó máa fi dáhùn, òjò ti ń ṣú, òun sì rántí pé òun sá aṣọ mi síta. Ó ní òun padà wá kó aṣọ.

Ọdún mọ́kànlélógójì nìyẹn. Mi ò mọ̀. Mo bi í pé kí ni mo sọ nígbà tó wọlé. Ó ní mo bèèrè oúnjẹ.

Mo padà sídìí ẹ̀rọ mi, mo rán apá òsì méjì mọ́ ẹ̀wù kan ṣoṣo, oníbàárà ṣì ń bá mi jà.

Ní ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, mo mú ìwé wáráńtì jáde, mo pe nọ́mbà tó wà lẹ́yìn ẹ̀. Obìnrin kan gbé e, ohùn ẹ̀ dùn bí ohùn ẹni tí kò tíì gbọ́ ìbínú rí. Mo kí i, mo bèèrè àwọn ará ilé ẹ̀. Kò dáhùn, ó ní bí mo bá fẹ́ ra ọkọ̀ kí n tẹ oókan, bí mo bá fẹ́ tún ọkọ̀ ṣe kí n tẹ eéjì. Mo ní rárá, bátìrì wa ló kú. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ìyá ẹ ní bóyá ọ̀rọ̀ ikú yẹn ló bà á nínú jẹ́. Mo wá tẹ eéjì láti fi tù ú nínú. Ó ní àwọn máa gba ohùn mi sílẹ̀. Mo bá tún fìlà mi dé dáadáa. Lẹ́yìn náà, wọ́n fi orin sí i fún wa, orin tí kò ní ọ̀rọ̀ nínú, ó gùn, àwa méjèèjì gbọ́ ọ nínú ọkọ̀ tí kò ṣiṣẹ́, ìyá ẹ ń mi orí, mo sì ń rò ó lọ́kàn pé àwọn wọ̀nyí mọ àlejò ṣe.

Ọkùnrin kan ló wá bá mi sọ̀rọ̀ níkẹyìn, onísùúrù èèyàn. Ó ní bátìrì ní ìlérí tiẹ̀ lọ́tọ̀, ti ọdún méjì, ìyẹn ti parí, nítorí náà àwa la máa ra òmíràn. Ó ní ti ọkọ̀ ṣì wà digbí, pé ẹnikẹ́ni tó bá mọ iṣẹ́ lè pààrọ̀ bátìrì, kò dìgbà tí a bá gbé e wá sọ́dọ̀ àwọn, wáráńtì ò ní tìtorí ìyẹn bàjẹ́. Ó ní ohun tó lè ba nǹkan jẹ́ ni ká gé wáyà, ká gé irin, tàbí ká fi èyí tí kò bá a mu sí i, kó wá jó nǹkan míì. Ó ní kí n wo ara bátìrì àtijọ́, kí n ka nọ́mbà tó wà níbẹ̀. Mo kà á fún un, ó kọ ọ́, ó ní ká ra èyí tí ìwọ̀n àti agbára ẹ̀ bá ìyẹn dọ́gba, ká tọ́jú rìsíìtì, ká kọ ọjọ́ náà sínú ìwé. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Mo wá ní bí wọ́n bá ti lo ohùn mi tán, kí wọ́n jọ̀ọ́ dá a padà, mi ò ní òmíràn. Ó ní òun máa tọ́jú ẹ̀ síbi tó dáa. Mo máa ń rò ó nígbà míì, pé ohùn mi wà nínú ilé kan tí n kò dé rí.

Rẹwáyà, oníṣẹ́ iná ọkọ̀, tó wá bá wa ṣe é, obìnrin ni, á tó ojúgbà ẹ. Ọ̀sán ọjọ́ Túsìdeè ló gbé bátìrì náà dé. Mo dúró tì í, mo ń ka ìwé sókè bó ti ń ṣe é, kò sì bínú. Wáyà dúdú ló kọ́kọ́ tú, ó wá tú pupa. Ó fọ ẹnu méjèèjì mọ́, ó gbé tuntun wọlé, pupa ló kọ́kọ́ dè, dúdú ló gbẹ̀yìn, kò gé nǹkan kan. Kó tó tú wọn, ó so bátìrì kékeré kan mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní kí ọkọ̀ má bàa gbàgbé aago àti gbogbo ohun tó mọ̀. Ìyá ẹ bi í pé ṣé ọkọ̀ náà máa ń rántí nǹkan ni. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni mà, ó pọ̀. Mo bi í pé kí ló pa ti àkọ́kọ́, ó ní ọjọ́ orí ni, àti pé ọkọ̀ tí kì í rìn jìnnà, bátìrì ẹ̀ kì í yó. Nínú ìwé, níbi tí wọ́n ti bèèrè ìdí tí a fi pààrọ̀ ẹ̀, mo kọ pé: ikú, kò pẹ́ rárá, kò sì jẹ̀rora.

Mo yí kọ́kọ́rọ́, ó dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Inú mi dùn, mo wo ìyá ẹ, mo rí i pé inú tiẹ̀ ò dùn.

Nígbà tí rẹwáyà lọ tán, ìyá ẹ ní òun ò fẹ́ lọ sọ́dọ̀ dókítà mọ́. Ó ní ó ti ṣe ọdún mẹ́rin tí òun ti rí ojú mi dáadáa kẹ́yìn, pé ojú tí òun ń rí nínú kùrukùru ni ti ọ̀dọ́mọkùnrin tó máa ń gbé téèpù kọ́rùn lẹ́nu ọ̀nà. Bí wọ́n bá ká kùrukùru náà kúrò, ta ni òun máa bá níbẹ̀? Mo ro ọ̀rọ̀ náà dáadáa kí n tó dáhùn. Mo ní arúgbó kan ni, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n, kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi nu ojú. Kò sọ pé òun máa lọ, kò sì sọ pé òun ò lọ.

Láàárọ̀ Tọ́sìdeè, kí n tó jí, ó ti jókòó sínú ọkọ̀ pẹ̀lú àpò ẹ̀ lórí itan.

A lọ. Ọ̀nà ń sá sẹ́yìn lóòótọ́ lọ́tẹ̀ yìí, ìyá ẹ sì ń ka ibi tí a dé fún mi, kò ṣì í lẹ́ẹ̀kan. Ojú ọ̀tún ni wọ́n ṣe. Lọ́jọ́ kejì, nọ́ọ̀sì tú ohun tí wọ́n fi dì í, ìyá ẹ ṣẹ́jú, ó wò mí, ó wò mí, nọ́ọ̀sì ń dúró, èmi náà ń dúró bí ẹni tí wọ́n ń wọn aṣọ fún. Ó ní, ẹ jókòó, ó ti rẹ̀ yín. Mo jókòó. Ó sún mọ́ mi, ó fi ìka tẹ ibi tí ojú mi ti hunjọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń yẹ ojú rírán wò. Ó ní ó dáa.

Ọmọ mi, ó ku ojú òsì, oṣù mẹ́ta sí i ni wọ́n pè wá sí. Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ̀ ẹ́ pé kí o fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ sí wa, ti ojú yẹn, àti ti òrùlé ibi tó ń jò sí báyìí. Bí o bá máa fi ránṣẹ́ sórí fóònù, má fi gbogbo ẹ̀ ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, díẹ̀díẹ̀ ni, fóònù mi kéré, mi ò fẹ́ kó bẹ́. Ti bátìrì, mo ti san án, má ronú ẹ̀. Rìsíìtì ẹ̀ wà nínú ìwé, ìwé wà lábẹ́ ìrọ̀rí. Ọlọ́run á máa ṣọ́ ẹ níjókòó àti nílọ. Ohun tí o bá dáwọ́ lé kò ní kú sí ẹ lọ́wọ́.

Èmi ni bàbá ẹ. Ìyá ẹ ń na ọwọ́ sí bíírò.

Ọmọ mi, èmi ni. Mo fi ọwọ́ bo ojú òsì, ojú ọ̀tún ni mo fi ń wo ohun tí mo ń kọ. Ó ti pẹ́ tí mo kọ̀wé kẹ́yìn, ìlà mi wọ́, fara dà á. Mo ka ohun tí bàbá ẹ kọ, mo kà á fúnra mi, mo jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Àdúrà tó ṣe, àmín. Nígbà tí o bá ń bọ̀ nílé, bí o bá ti ń rí mi lẹ́nu ọ̀nà, má pè mí, má sì sọ pé ìwọ ni. Dúró lọ́ọ̀ọ́kán díẹ̀. Jẹ́ kí n wò ẹ́ títí, kí n fúnra mi mọ̀ ẹ́.