Písà Tí Bàbá Kò Jẹ́ Ká Gé

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ìyàwó wa ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ọkọ mi ní kí n kí yín. Òògùn tó o fi ránṣẹ́ ti ń mú orúnkún Bàbá rọ̀, àmọ́ mi ò tíì sọ fún un pé ọwọ́ rẹ ló ti wá.

Lọ́jọ́ òmìnira, mo ṣe písà ẹlẹ́fọ̀ọ́ bí Màmá ṣe máa ń ṣe é: mo tẹ́ tòmátì sísàlẹ̀, mo to ata aláwọ̀ ewé, àlùbọ́sà funfun àti ata aláwọ̀ ewé sórí ẹ̀ ní ìlà mẹ́ta bí àsíá. Bí mo ṣe gbé e kalẹ̀, Bàbá dìde lórí orúnkún yẹn, ó kọ orin orílẹ̀-èdè látòkè délẹ̀. Mo mú ọ̀bẹ, ló bá ní, “Ìwọ ọmọ yìí, àsíá lo fẹ́ gé?” Písà tutù, ebi ń pa wá, ẹ̀rín ò jẹ́ ká bínú. Mo rántí ọdún tó o ki tòmátì bọnu kí orin tó parí, tí Bàbá ní kó o kọ ọ́ tán bẹ́ẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ wú bíi ti ọ̀kẹ́rẹ́.

Ohun tí mo torí ẹ̀ kọ̀wé rèé. Nígbà tó gbà, ó ní ká gé e sí mẹ́rin. Àwa mẹ́ta, èmi, ọkọ mi àti Bàbá, la sì wà nílé. Ó gbé ìkẹrin, èyí tí tòmátì pọ̀ jù lórí ẹ̀, sí fìríìjì, ó ní kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Láti ọjọ́ tẹ́ ẹ ti jà kò dárúkọ rẹ, kò sì dárúkọ rẹ lọ́jọ́ náà pàápàá.

Ojú ń ti àgbà láti bẹ ọmọ. Jọ̀ọ́, pè é. Ọlọ́run á ṣọ́ ilé rẹ, ọ̀nà rẹ á là. Písà náà ti le bíi pákó, àràárọ̀ ló sì ń ṣí fìríìjì wò ó.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin